Pákó tí bàbá mi fi sílẹ̀: ìrókò ni, òpepe ni, àbí ìdígbò? Ẹ bá mi dá a mọ̀

Adéọlá_Òǹdó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ pákó ni. Bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, gé igi ńlá kan ní oko kòkó wa lẹ́yìn Òrè ní 1998, wọ́n gbé e lọ sí sọ́míìlì, wọ́n là á sí 2 by 12, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn àti férémù ilé táwọn ń kọ́ nígbà yẹn. Ilé ò tíì parí tí bàbá fi lọ ní 2003, pákó wá wà nínú sítọ́ọ̀ ẹ̀yìnkùlé látìgbà náà, wọ́n tò ó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n fi páànù bò ó. Mo kà á lọ́jọ́ Sátidé, 23 ló kù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ikán ti jẹ férémù fèrèsé àtijọ́ kan tó fara ti pákó yẹn tán pátápátá, ó mọ ilé gun ògiri, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan pákó bàbá mi, àfi etí bíi mẹ́ta tó funfun yàtọ̀ sí ìyókù, ibẹ̀ nìkan ló ti di ìyẹ̀fun.

Mo pe ẹnì kan tó ń ra pákó wá wò ó. Ó fọwọ́ nù ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní ìdígbò lásán ni, pé ó ti pẹ́ jù, owó igi afárá tí kò wọ́n lòun máa san. Àbúrò bàbá mi ní irọ́ ni, ìrókò ni, pé òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gé e. Káfíńtà àdúgbò wa wá dé, ó ní òpepe ni. Èèyàn mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta, kò sì sí èyí tó sọ fún mi ohun tó fi dá a mọ̀.

Bó ṣe rí nìyí. Ojú òde ẹ̀ ti di bráùn tó ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n nígbà tí káfíńtà fi plénì fá ibì kan, inú ẹ̀ yọ yẹ́lò tó fẹ́ pọ́n, bí ìgbà tí wọ́n bá gé àjó sí méjì. Ó wúwo, ọkùnrin méjì ló ń gbé ẹyọ kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Plénì ò bá a rẹ́, bó ṣe ń fá a lọ ló ń fà á ya níbòmíì, tó bá yí i padà á tún máa fà á ya níbi tó ti ń dán tẹ́lẹ̀. Mo gbóòórùn ẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo fẹ́ yọ bíi 10 fún ilẹ̀kùn ilé màmá mi, kí n ta ìyókù. Mi ò fẹ́ pe nǹkan tí kì í ṣe ìrókò ní ìrókò fún ẹni tó máa rà á, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó afárá gba igi bàbá mi lọ́wọ́ mi. Báwo lèèyàn ṣe ń dá igi mọ̀ tó bá ti di pákó tán, tí kò léwé, tí kò léèpo?

Ìyá Pákó Ṣàgámù

Ọmọ mi, o kú ìrántí bàbá. Ọdún 19 ni mo ti ń ta pákó, mo máa sọ èyí tí mo mọ̀ fún ẹ. Ẹni tó ní ìdígbò ni yẹn fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ ni. Ìdígbò tó ti gbẹ ò wúwo tó bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tó ń bá mi gbé ọjà, ẹnì kan á gbé 2 by 12 ẹ̀ lé èjìká á sì máa rìn lọ. Tó bá jẹ́ ọkùnrin méjì ló ń gbé tìẹ, kì í ṣe ìdígbò, afárá ni ká má tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ikán náà ti jẹ́rìí ẹ̀ fún ẹ.

Tèmi o, ìrókò ni mo máa pè é. Ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa ń yẹ́lò, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n á ní irọ́ ni, bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń bà á ló máa ń di bráùn, gẹ́lẹ́ bó o ṣe sọ ọ́ yẹn. Wá wò ó dáadáa bóyá wàá rí nǹkan funfun tó le bí òkúta nínú ẹ̀. Àwọn oní-sọ́míìlì mọ̀ ọ́n, wọ́n ń bẹ̀rù ẹ̀, torí ó máa ń ká eyín ayùn. Tó o bá ti rí ìyẹn, ìrókò ni, má bi ẹnikẹ́ni mọ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Bódìjà

Màmá wa, ẹ kú ọjà o, mo bọ̀wọ̀ fún yín gan-an. Òkúta inú ìrókò yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni, ayùn mi méjì ló ti bá a lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìrókò ló ní in, tí Adéọlá ò bá rí i, ìyẹn ò ní kí ó má jẹ́ ìrókò. Ti kí yẹ́lò di bráùn náà, òpepe ń ṣe é, ìdígbò náà ń ṣe díẹ̀. Nítorí náà a ò tíì dé ibì kankan pẹ̀lú ìyẹn.

Èmi ò kì í gba orúkọ tí wọ́n bá pe pákó gbọ́ mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Mo ra pákó kan lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ní ìrókò ni, àwọ̀ ẹ̀ jọ ìrókò lóòótọ́, mo fi ṣe ilẹ̀kùn mẹ́rin fún oníbàárà mi kan, màmá àgbàlagbà. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi pè mí pé ìyẹ̀fun ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn láràárọ̀. Nígbà tí mo gé etí ẹ̀ báyìí, inú ẹ̀ funfun gbòò, afárá funfun ni, nǹkan ni wọ́n fi kùn ún lójú. Owó ara mi ni mo fi ṣe ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, ó dùn mí títí dòní torí màmá yẹn fọkàn tán mi.

Adéọlá, bí plénì ṣe ń fà á ya síwá fà á ya sẹ́yìn yẹn, iṣan igi náà ló lọ́ mọ́ra wọn, apá kan dojú kọ òkè, èyí tó tẹ̀ lé e dojú kọ ìsàlẹ̀. Ìrókò ní in, òpepe ní in jù ú lọ. Èmi fara mọ́ káfíńtà yín, òpepe ló ń run sí mi nímú. Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ yọ ìdígbò kúrò lọ́nà ná, ó rọrùn. Bu fínígà díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù, da ìṣó tó ti dípẹtà sí i, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Gbọ̀n ọ́n, kí o fi òwú kan omi yẹn sójú pákó níbi tó o bá ti fá a mọ́. Ìdígbò á dúdú lójú ẹsẹ̀, dúdú tó ń lọ sí búlúù bí íńkì, torí nǹkan kan wà lára ẹ̀ tí kò bá irin rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìṣó fi máa ń yọ àmì dúdú sára fèrèsé ìdígbò tí òjò bá ti ń pa á, tó bá sì tutù á tún ro omi yẹ́lò sára aṣọ. Tó o bá lè rí ègé kékeré kan tó o mọ̀ dájú pé ìdígbò ni, kan án sí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó o lè rí ìyàtọ̀.

Igbó_Ló_Kọ́_Mi

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Iṣẹ́ igbó ni mo kọ́ nílé ìwé, mo sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí dídá igi mọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka tèmi torí ó máa gùn díẹ̀.

Adéọlá, ẹ má fi àwọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ ló ń kọ́kọ́ wọni lójú, òun náà ló ń kọ́kọ́ yí padà. Igi kan náà tó hù nílẹ̀ olómi àti èyí tó hù lórí òkè lè má jọra ní àwọ̀, tó bá ti wà nínú sítọ́ọ̀ láti 1998 ẹ má tiẹ̀ dárúkọ àwọ̀ mọ́. Ibi tí orúkọ igi wà ni orí pákó, ibi tí ayùn ti gé e kọjá. Ṣùgbọ́n bí ayùn sọ́míìlì ṣe fi í sílẹ̀ yẹn, ẹ ò lè rí nǹkan kan níbẹ̀, ó ti fà á ya bí ìgbà téèyàn bá fi ọ̀bẹ kúkú gé búrẹ́dì gbígbóná. Ẹ ra bíléèdì tuntun, ẹ fi omi tọ́ orí pákó náà díẹ̀, ẹ wá bẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, ibi tẹ́ ẹ máa bẹ́ ò ju èékánná àtàńpàkò lọ, kó ṣáà ti dán. Bíléèdì á kú kíá lórí igi tó le, ẹ má bá a jà, ẹ mú òmíì. Lẹ́yìn náà ẹ gbé lẹ́ǹsì tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 sún mọ́ ojú yín, ẹ wá gbé pákó wá bá a títí ẹ ó fi rí i kedere. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń na lẹ́ǹsì síwájú bí ẹni ń ka ìwé, wọn ò ní rí nǹkan kan. Ẹ lè fi fóònù ya fọ́tò gba inú lẹ́ǹsì yẹn.

Ẹ máa rí ihò wẹ́wẹ́. Àwọn ihò yẹn lọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nígbà tí igi wà láàyè, bí igi kọ̀ọ̀kan ṣe to tiẹ̀ yàtọ̀, kì í sì í yí padà bí wọ́n fi í pamọ́ fún 100 ọdún. Ẹ wò ó bóyá ihò kọ̀ọ̀kan dá dúró àbí wọ́n lẹ̀ mọ́ra ní méjì mẹ́ta, bóyá nǹkan tó mọ́lẹ̀ yí wọn ká, àti bóyá wọ́n tò tẹ̀ lé ìlà ọdún, ìyẹn ìlà tí igi ń fi kún ara ẹ̀ bó ṣe ń dàgbà.

Tó bá jẹ́ ìrókò, ẹ máa rí nǹkan tó mọ́lẹ̀ tó yí ihò ká, á yọ apá lọ́tùn-ún lósì bí ìyẹ́ ẹyẹ, apá ti èyí á lọ kan ti ìkejì, á wá di ìlà tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ. Ó hàn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán lè rí i, òun náà ló máa ń fa àwọn ìlà wúrúwúrú tó mọ́lẹ̀ lójú pákó ìrókò níbi tí wọ́n bá là ní pẹlẹbẹ. Òpepe ò ní ìyẹn rárá. Ihò òpepe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló dá dúró, wọ́n fọ́n káàkiri bí ìgbà tí ọmọdé bá fi abẹ́rẹ́ gún páálí, kò sí ìyẹ́, kò sí ìlà ọdún tó hàn. Ìdígbò ní tiẹ̀, ìlà ọdún ẹ̀ hàn, ìyẹ́ kékeré wà lára ihò ẹ̀, ara funfun tó wà níbi èèpo kì í sì í yàtọ̀ gédégbé sí inú. Ẹ sọ pé etí pákó yín funfun yàtọ̀ sí ìyókù, ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò jẹ, ìyẹn náà ń ta ko ẹni tó ní ìdígbò. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ dárúkọ tíìkì, ihò ńláńlá ti tíìkì máa ń tò sórí ìlà ọdún bí ìlẹ̀kẹ̀, ọwọ́ á sì máa yọ̀ lára ẹ̀ bíi pé òróró wà níbẹ̀, á máa run bí awọ.

Ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ gé ègé kan tó gún régé, ẹ wọn gígùn, ìbú àti nínípọn ẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ìsọdipúpọ̀, ẹ wá gbé e sórí síkéèlì tí wọ́n fi ń wọn fúláwà. Ẹ wá fi iye tẹ́ ẹ rí nínú ìsọdipúpọ̀ yẹn pín iye gíráàmù ẹ̀. Tó bá ti gbẹ dáadáa, ìdígbò máa wà nítòsí 0.54, ìrókò nítòsí 0.64, òpepe nítòsí 0.75, igi apá nítòsí 0.82. Igi kan tí wọ́n ń pè ní ekki wúwo ju omi lọ, ó máa ń rì. Igi kọ̀ọ̀kan lè fi díẹ̀ dín tàbí fi díẹ̀ lé, nítorí náà ẹ má fi ìwọ̀n nìkan dájọ́, ẹ fi kún ohun tẹ́ ẹ bá rí lórí pákó.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é, torí ẹ mọ oko tí igi yẹn ti wá, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń béèrè irú ìbéèrè yìí ò ní irú oore-ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi àwọn tó rí igi náà kí wọ́n tó gé e. Ẹ bi wọ́n ṣé oje funfun ń jáde tí wọ́n bá fi àdá sá a. Ìrókò máa ń sun oje funfun bí wàrà. Òpepe kì í ṣe é, tí wọ́n bá sá èèpo ẹ̀, inú èèpo á yẹ́lò, kò sì ní pẹ́ tá á fi máa pọ́n. Ẹ bi wọ́n irú èso tó ń so.

Tí gbogbo ẹ̀ bá sú yín, ẹ mú ègé kan tó tó páálí ìṣáná lọ sí yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa igbó àti pákó, kò jìnnà sí yín. Tàbí FRIN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí nípa igbó, ní Jericho ní Ìbàdàn.

Adéọlá_Òǹdó

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á san án fún yín. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é.

Ti fínígà: káfíńtà bá mi wá ègé ìdígbò kan láti ara férémù tó ń tún ṣe. Mo kan omi ìpẹtà yẹn sí méjèèjì. Ìdígbò dúdú kí n tó ka 10, dúdú bí ẹni da íńkì sí i. Ti bàbá mi kàn rọra ṣe bí eérú, mo dúró dìrọ̀lẹ́, kò jùyẹn lọ.

Ti ìwọ̀n: ègé tí mo gé jẹ́ 10 lọ́nà 10 lọ́nà 4.8, ìyẹn 480. Síkéèlì àǹtí tó ń ṣe kéèkì ládùúgbò wa ni mo yá, ó ka 361. Mo pín in, ó jẹ́ 0.75. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀n ọ́n torí mo rò pé mo ti ṣì í.

Ti lẹ́ǹsì: bíléèdì márùn-ún ló kú o. Ṣùgbọ́n nígbà tó wá dán, tí mo gbé lẹ́ǹsì sójú, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sítọ́ọ̀ mo ń wò ó fún ìgbà pípẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ pákó yìí mi ò mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ihò ló kún ibẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló dá dúró, bí ojú ọ̀run alẹ́ tí kò sí òṣùpá. Mi ò rí ìyẹ́ kankan. Mo tún lọ bẹ́ orí pákó mẹ́rin míì, bákan náà ni gbogbo ẹ̀ rí. Fọ́tò mẹ́ta nìyẹn mo gbé sókè, ẹ bá mi wò ó.

Táyọ̀_Peckham

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o. Káfíńtà ni mí ní London, mo sì rí fọ́tò yín lónìí ní ìgbà oúnjẹ ọ̀sán, inú mi dùn. Mo ní ègé òpepe kan àti ègé ìrókò kan níbi iṣẹ́, mo bẹ́ orí méjèèjì báyìí, mo fi fóònù mi tó ní fọ́tò yín sáàárín wọn. Ti òpepe ló bá tiyín mu, ó bá a mu bí ìbejì. Ti ìrókò, ìyẹ́ kún ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n Igbó_Ló_Kọ́_Mi ṣe sọ.

Ìrókò tí mò ń sọ yẹn, ara tábìlì yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ìwé àtijọ́ kan ló ti wá. Ìrókò àti tíìkì ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ irú tábìlì bẹ́ẹ̀ níbí láyé àtijọ́, tí wọ́n bá ń wó ilé ìwé a máa ń lọ rà á, a ó fá ojú ẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ tó fi ọ̀bẹ kọ nǹkan sí i á ṣì wà lábẹ́. Ti òpepe ní tiẹ̀, etí omi ló ti wá. Òpepe àti ekki wà lára igi tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ sínú omi iyọ̀ níbí, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, torí kòkòrò inú òkun kì í lè tètè jẹ wọ́n. Nítorí náà ẹni tó pe pákó bàbá yín ní igi lásán, kò mọ ohun tó ń wò, tàbí ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tó máa ń wú mi lórí. Ìrókò, òpepe, ìdígbò, afárá, àbúrà, àgbà, bí àwọn oní-pákó òyìnbó níbí ṣe ń pè é nìyẹn, orúkọ tiwa ni, wọn ò túmọ̀ ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń ta pákó, tí mo rí wọn lára ìwé iye owó, mo dúró mo kà á sókè pẹ̀lú àmì ohùn ẹ̀ bó ṣe yẹ, ọ̀gá tó ń tà á ní kí n tún un kà. Tẹ́ ẹ bá ń wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń sọ Faransé ń pe òpepe ní bilinga, àwọn ará Gánà ń pè é ní kusia, orúkọ táwọn onímọ̀ ń pè é ni Nauclea diderrichii. Ẹbí kan náà lòun àti ẹgbẹ̀sì, ẹgbẹ̀sì tí àwọn ìyá wa ń se gbòǹgbò ẹ̀ fún ibà, ẹ rántí bí gbòǹgbò ẹ̀ ṣe máa ń yẹ́lò.

Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹ̀fun ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń fi sáńpépà ha á. Ti òpepe máa ń yọ imú àti ara àwọn kan lẹ́nu, ti ìrókò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi nǹkan bo imú.

Ìyá Pákó Ṣàgámù

Mo ti wo fọ́tò yẹn, mo ní kí ọmọ mi bá mi fẹ̀ ẹ́. Mo sì lọ gé orí ìrókò kan ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi bíléèdì bẹ́ ẹ, mo rí ìyẹ́ tẹ́ ẹ wí. Ọdún 19, ẹnikẹ́ni ò fi í hàn mí rí, àwọ̀ àti ìwúwo ni wọ́n fi kọ́ mi. Adéọlá, mo gbà, kì í ṣe ìrókò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣàlàyé, ẹ ṣé o, mo ti ní kí wọ́n bá mi ra lẹ́ǹsì.

Adéọlá_Òǹdó

Màmá, ẹ ṣé gan-an. Mo ti bá màmá tèmi sọ̀rọ̀. Mo bi wọ́n ṣé igi yẹn ń sun oje funfun, wọ́n ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀, pé ìrókò kan wà lóko wa lóòótọ́ ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò ló wà, bàbá mi ò sì gbà kí wọ́n gé ìyẹn láyé wọn, torí bàbá tó bí wọn ti sọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan án, olúwéré wà níbẹ̀. Ó wá yé mi pé ìrókò yẹn ni àbúrò bàbá mi ń rántí. Màmá ní èyí tí wọ́n gé wà lókè lápá ibi tí a ti ń sá kòkó, ó ga, ó gún tọ́ọ́, ó ń so èso roboto tó yẹ́lò, kò tóbi tó ọsàn, ara ẹ̀ rí bí ẹni fi ìṣó lu ú kiri. Wọ́n ní tó bá ti ń já bọ́, àwọn ọdẹ á wá gun igi tó wà nítòsí ẹ̀ lálẹ́, wọ́n á máa dúró de ẹtu, torí ẹtu fẹ́ràn èso yẹn. Wọ́n ní ẹran tí wọ́n fi ṣe ìkómọ mi, abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ti pa á. Mi ò gbọ́ ìyẹn rí láyé mi.

Ẹ̀gbọ́n Igbó_Ló_Kọ́_Mi, ṣé èso òpepe nìyẹn?

Igbó_Ló_Kọ́_Mi

Òun gan-an ni. Èso ìrókò gùn bí ìka ọwọ́ ọmọdé, àwọ̀ ewé ló ní, àwọn àdán ló ń jẹ ẹ́, kò roboto. Ẹ bá mi kí màmá, ẹ sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n rántí yẹn ló fi kókó ẹ̀ hàn ju lẹ́ǹsì mi lọ. Ìwọ̀n, orí pákó, fínígà, èso, ibì kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tọ́ka sí. Òpepe ni.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Bódìjà

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Adéọlá, nípa ilẹ̀kùn màmá, òpepe dáa fún férémù ju ohunkóhun lọ, ikán á jẹ ògiri kó tó kàn án. Fún ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀, yan èyí tí wọ́n là ní òró, tí ìlà ẹ̀ gún. Èyí tí wọ́n là ní pẹlẹbẹ máa ń sán lójú tó bá ń gbẹ, ṣùgbọ́n tìẹ ti gbẹ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, èyí tó máa sán ti sán, wàá rí i. Gé ara funfun yẹn kúrò pátápátá, má jẹ́ kí káfíńtà kankan fi í sílẹ̀ nítorí kí pákó lè fẹ̀, ibẹ̀ ni kòkòrò máa gbà wọlé. Má jẹ́ kí wọ́n kan ìṣó mọ́ ọn láì kọ́kọ́ fi díríìlì lu ihò, á là sí méjì lójú yín. Kí wọ́n pọ́n irin plénì dáadáa, kí wọ́n sì máa fá a díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti kan sáńpépà, ẹ̀yìn ìta ni kí wọ́n ti ṣe é.

Ẹni tó fẹ́ san owó afárá yẹn, tó bá padà wá, gbé fínígà àti ègé ìdígbò jáde síwájú ẹ̀.

Adéọlá_Òǹdó

Ó padà wá láàárọ̀ òní, mo sì ṣe é níwájú ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe wí. Kò jiyàn, ó ní òun máa padà pẹ̀lú owó míì, mo ní kó má yọra ẹ̀ lẹ́nu, torí àbúrò màmá mi kan tó ń kọ́ ilé ní Oǹdó ti ní òun fẹ́ gba 8 fún férémù. Mo ti ya 11 sọ́tọ̀ fún màmá dípò 10. Màmá fúnra wọn ló wá sí sítọ́ọ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì funfun dání, wọ́n sì kọ ọ́ sára ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ÒPEPE, OKO BÀBÁ, 1998.